Bí ọ̀rọ̀ tó ń pe ènìyàn ní òpè ṣe di ọ̀rọ̀ ìyìn: ìtumọ̀ àti orírun “nice” fún àwọn ọmọ Ṣáínà tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó pẹ̀lú wa, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ àpèjúwe onílẹ́tà mẹ́rin tí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ti mọ̀: “nice”. Àwọn tí mo sì ní lọ́kàn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ Ṣáínà tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ Faransé tàbí ọmọ Jámánì. Ohun tí mo wá sọ ni pé kò tọ́ kí a fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo lé akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà lọ́wọ́, kí a sì kọjá lọ. Ó yẹ kí a sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún un, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ nípa èdè àwọn baba ńlá rẹ̀ ti mú kí ó gbára dì láti lóye irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2001 ni ìjọba Ṣáínà ti ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹta, lára àwọn gbólóhùn tí ọmọ sì máa ń tètè há sórí ni ìkíni “Nice to meet you”. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sí i ni “Hěn gāoxìng rènshi nǐ”, èyí tó jẹ́ pé inú mi dùn láti mọ̀ ọ́. Ìtumọ̀ náà dára gẹ́gẹ́ bí ìkíni, ṣùgbọ́n ó bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Nínú gbólóhùn ti Ṣáínà, inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni “gāoxìng” ń ròyìn. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ìpàdé náà fúnra rẹ̀ ni “nice” ń ròyìn, pé ó jẹ́ ìpàdé tó dùn mọ́ni. Ọmọ tí wọn kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn yóò gbà pé “nice” ni ìdùnnú, ibẹ̀ sì ni gbólóhùn kan tí àwọn olùkọ́ mọ̀ dáadáa ti ń jáde wá, “I am very nice to meet you”, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun fi ń sọ pé inú òun dùn, ṣùgbọ́n tí etí ẹni tó ni èdè yóò gbọ́ bí ẹni pé ó ń yin ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni “hǎo” yóò dé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kékeré, “hǎo” ni yóò kọ́kọ́ rí lábẹ́ “nice”, òun náà ni yóò tún rí lábẹ́ “good”, lábẹ́ “fine” àti lábẹ́ “well”. Ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n ń fi àmì obìnrin àti àmì ọmọ kọ pọ̀, 好, gbòòrò gan-an ni. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò ní í rí ohun àjèjì nínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe láti sọ bí nǹkan ṣe rí lára ẹni: “hǎochī” ni ohun tó dùn-ún jẹ, “hǎokàn” ni ohun tó dùn-ún wò, “hǎotīng” sì ni ohun tó dùn-ún gbọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa lo “nice” kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ni pé oúnjẹ “tastes nice”, aṣọ “looks nice”, orin “sounds nice”, nítorí náà ìfarajọra tó wà láàárín “hǎo” àti “nice” kì í ṣe irọ́ lásán. Ibi tó ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni pé ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu níbi gbogbo.

Nínú gírámà náà, ohun kan wà tí àwa pẹ̀lú Ṣáínà jọ ní. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní àpèjúwe, ọ̀rọ̀ ìṣe ni nínú gbólóhùn tiwa: a máa ń sọ pé ó dára, ó ga, ó pupa, a kì í wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò so olùwà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “tā hěn hǎo” (ó dára) rí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ “is”. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ “She very nice”. Àṣìṣe yìí kò wá láti inú àìfọkànsí. Gírámà tó tọ́ nínú èdè kan ni, tí wọ́n gbé lọ sínú èdè mìíràn. “Hěn” tó wà láàárín gbólóhùn náà tún ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ni “very”, ṣùgbọ́n nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ó ti fúyẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ju kí ó mú kí gbólóhùn náà jókòó dáadáa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń túmọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo yóò máa pe gbogbo ènìyàn ní “very nice”, títí kan ẹni tí kò fẹ́ yìn tó bẹ́ẹ̀.

Nípa ti ohùn, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Sílébù nínú èdè Mandarin, tí í ṣe olórí èdè Ṣáínà, kì í parí pẹ̀lú ìró /s/, nítorí náà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi fáwẹ̀lì kékeré kan tì í lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pè é ní “náìsì”. Ní Sichuan, ní Hubei àti ní apá kan ní Hunan, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ya /n/ sọ́tọ̀ kúrò lára /l/ nínú èdè àdúgbò wọn, nítorí náà “nice” lè jáde lẹ́nu wọn bí “lice”, èyí tó jẹ́ iná orí. Àwa tí à ń sọ “ní ọjà” di “lọ́jà” mọ̀ pé ìbátan tímọ́tímọ́ ló wà láàárín ìró méjèèjì, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹ̀sín nítorí rẹ̀.

Ó wá tó àkókò láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Nínú èdè Látìn, “scire” ni kí ènìyàn mọ nǹkan, “ne” sì ni wọ́n fi ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú méjèèjì ni wọ́n ti ṣe “nescius”, ẹni tí kò mọ̀, aláìmọ̀kan. “Science” àti “conscience” wá láti inú “scire” yìí kan náà, èyí tó fi hàn pé ọmọ ìdílé ìmọ̀ ni “nice”, àmọ́ òun ló gbé àìmọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Látìn di èdè Faransé àtijọ́, “nescius” di “nice”, wọ́n sì ń fi pe òpè, òmùgọ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ẹni tí kò já fáfá. Ní ọdún 1066 ni àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé sì di èdè ààfin àti ti kóòtù fún ìgbà pípẹ́, débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ló wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu wọn. “Nice” wà lára wọn. Nǹkan bí ọdún 1300 ló bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà sì ni òmùgọ̀. Ìtumọ̀ yìí náà ni Geoffrey Chaucer, akéwì tó kú ní ọdún 1400, mọ̀ ọ́n mọ́. Kí n tó kúrò níbí, ìlú Nice tó wà létí òkun ní ilẹ̀ Faransé kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá. Orúkọ ìlú náà wá láti inú “Nikaia” ti èdè Gíríìkì, àwọn ọmọ Ṣáínà sì ń pè é ní Nísī.

Báwo ni òmùgọ̀ ṣe wá di ìyìn? Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pàṣẹ rẹ̀, ìtumọ̀ tuntun kò sì lé ti àtijọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fún bí igba ọdún ni ìtumọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń gbé pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, tí òǹkàwé sì ní láti fi ojú inú wo èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Láti ara ẹni tí kò ní làákàyè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ẹni tó ń fi ìmúra àti fàájì ṣe àṣejù. Ẹni tó bá ń ṣe àṣejù nínú ìmúra kì í pẹ́ di ẹni tó ń ṣa nǹkan yàn, tí ẹnu rẹ̀ kì í gba oúnjẹ lásán, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kan ohun tó dọ̀tí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, ó sì ṣe pàtàkì kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i: ẹni tó ń ṣa nǹkan yàn jù, bí a bá fi ojú rere wò ó, ni ẹni tí ojú rẹ̀ mú, tó lè rí ìyàtọ̀ tínrín tí ẹlòmíràn kò lè rí. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, “nice” ti ń tọ́ka sí ohun tó gba àkíyèsí fínnífínní, ìwọ̀n tó péye, ìdájọ́ tí kò fi ibì kan sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ó dé orí ìfẹ́ ohun tó gún régé, nígbà tó sì fi máa di ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó ti ń túmọ̀ sí ohunkóhun tó bá dùn mọ́ni. Ìtumọ̀ onínúure, tí à ń lò fún ẹni tó ṣe wá dáadáa, dé lẹ́yìn ìyẹn, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Ẹni tí kò mọ ọ̀nà yìí yóò kọsẹ̀ bó bá ń ka ìwé àtijọ́. Nínú eré Shakespeare nípa Romeo àti Juliet, àlùfáà kan sọ nípa lẹ́tà kan tí kò dé ọwọ́ ẹni tó ni ín pé lẹ́tà náà kì í ṣe “nice”. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi “hǎo” kà á yóò rò pé lẹ́tà náà kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí àlùfáà náà ń sọ ni pé kì í ṣe lẹ́tà ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, ọ̀rọ̀ tó wúwo ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ìtumọ̀ méjèèjì, ikú àwọn ọ̀dọ́ méjì sì rọ̀ mọ́ lẹ́tà náà nínú eré ọ̀hún.

Ìlò rẹ̀ fún ohun gbogbo kò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sú àwọn kan. Nínú ìwé ìtàn àròsọ kan tí Jane Austen kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1817 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin kan ń fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣeré nítorí pé ó pe ìwé kan ní “nice”. Ó ní ojú ọjọ́ náà “nice”, ìrìn àwọn náà “nice”, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin náà “nice”, pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ibi tó ti wá, ibi tí wọ́n ti ń fi ròyìn ìmọ́tótó, ìwà tó yẹ àti ọgbọ́n tó jinlẹ̀ nínú ohun tó dára. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ibẹ̀ ni pé ọkùnrin náà gan-an kò dé ìsàlẹ̀ kànga. Ìtumọ̀ tó pè ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìtumọ̀ àárín ọ̀nà ni. Òmùgọ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ èdè: ìtumọ̀ tí a bá lọ́wọ́ àwọn òbí wa ni a máa ń pè ní èyí tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Kí ẹ sì má ṣe rò pé ìlà kan ṣoṣo ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń tọ̀, láti inú àbùkù bọ́ sínú iyì. “Silly”, tó jẹ́ òmùgọ̀ lónìí, ẹni ìbùkún ni nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìbátan rẹ̀ nínú èdè Jámánì, “selig”, sì tún jẹ́ ẹni ìbùkún di òní. Láti ara ẹni ìbùkún ó di aláìlẹ́ṣẹ̀, láti ara aláìlẹ́ṣẹ̀ ó di ẹni tó yẹ ká káàánú, kí ó tó wá di òpè. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì kọjá síra wọn.

Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, gbogbo wọn ló ń ka “wényán”, èdè ìwé àtijọ́ Ṣáínà, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n mọ̀ pé “zǒu”, tó jẹ́ rírìn lónìí, eré sísá ni nínú ìwé àtijọ́. Wọ́n mọ̀ pé “tāng”, tó jẹ́ ọbẹ̀ olómi lónìí, omi gbígbóná ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àmì tí wọ́n fi ń kọ òórùn burúkú, 臭, èyí tí wọ́n fi imú àti ajá ṣe, òórùn èyíkéyìí ni ó ń sọ tẹ́lẹ̀, ì báà dára, ì báà burú. Èyí tó wù mí jù lọ láti fi ti “nice” lẹ́yìn ni “kělián”, nítorí pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni òun náà. Lónìí, ẹni tó bá jẹ́ “kělián” ni ẹni tó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n nígbà tí akéwì Bai Juyi, tó gbé ayé láti ọdún 772 sí 846, kọ ewì kúkúrú kan nípa ìrọ̀lẹ́ lórí odò, tó sì pe alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ní “kělián”, kì í ṣe pé alẹ́ náà ṣe é láàánú. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìrì dà bí péálì, òṣùpá rí bí ọrun. Àwọn ọmọ kéékèèké ní Ṣáínà máa ń ka ewì yìí lórí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá mẹ́nu kan “kělián” yìí kí ó tó sọ ìtàn “nice” kò ní í nílò àlàyé gígùn: akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èdè tirẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ìkìlọ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Orírun ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí, kò sì sí ẹni tó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní “nice” kí ó wá sọ pé òmùgọ̀ lòun ní lọ́kàn nítorí Látìn. Nínú èdè Spéènì, “necio”, tó ti inú “nescius” kan náà jáde, ṣì jẹ́ òmùgọ̀ títí di òní; ọ̀nà tó gbà ni kò jọ ti “nice”. Iṣẹ́ tí orírun ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ó ń fi ìdí tí àwọn ìtumọ̀ tó dà bí ẹni pé wọn kò bára tan fi ń gbé inú ọ̀rọ̀ kan hàn án. Bí amòfin tàbí onímọ̀ bá kọ “a nice distinction”, ìyàtọ̀ tínrín tó gba ojú tó mú ni, kì í ṣe ìyàtọ̀ tó dára. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ní Ṣáínà máa ń kọ “xìwēi” sí i fún ìlò yìí, ohun tó kéré tó sì tínrín, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìtàn yóò rò pé wọ́n kàn ṣèèṣì kọ ọ́ síbẹ̀ ni. “Nicety” náà, tí í ṣe kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀, ọmọ ìtumọ̀ àárín ọ̀nà yẹn ni.

Ìlò kan tún wà tí “hǎo” fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́gba, tó sì tún yà kúrò. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé yàrá “nice and warm”, pé ó móoru dáadáa. Ṣáínà náà a máa fi “hǎo” ṣáájú ọ̀rọ̀ àpèjúwe láti sọ pé nǹkan pọ̀: “hǎo lěng”, òtútù mú gan-an, “hǎo lèi”, ó rẹ̀ mí púpọ̀. Ẹ rí i pé “hǎo” kò kọ ohun tí kò dùn mọ́ni, nígbà tí “nice and” kì í sábà ṣáájú ohun tí ènìyàn kò fẹ́. Ẹni tó bá sọ pé òun “nice and tired” lẹ́yìn iṣẹ́ oko yóò mú kí olùgbọ́ rò pé àárẹ̀ náà dùn mọ́ ọn. Kókó yìí kéré, mo mọ̀, àmọ́ irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti wọ inú èdè.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló kù. “Nice” fúyẹ́ ju “good” lọ. “A good man” ni ẹni tí ìwà rẹ̀ dúró ṣinṣin kódà nígbà tí kò bá rọrùn fún un. “A nice man” ni ẹni tí ara tu ènìyàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ènìyàn lè jẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ èkejì. “Hǎorén” ti Ṣáínà súnmọ́ “good man”, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọn mọ bí ìyìn ṣe ń rù. Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ kọ ọkùnrin tó ń dẹnu kọ ọ́, tó sì sọ fún un pé “hǎorén” ni, wọ́n á ní ó ti fún un ní káàdì ènìyàn rere, “hǎorén kǎ”. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà tó bá sọ pé ẹnì kan “nice” tí kò sì fi ohunkóhun kún un. Nítorí náà ni mo ṣe ń gba àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì wọn, bíi CET-4 tó ti wà láti ọdún 1987, nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi “nice” kún inú àròkọ. Oúnjẹ lè jẹ́ “delicious”, aládùúgbò lè jẹ́ “kind”, ìrọ̀lẹ́ lè jẹ́ “pleasant”. Kí wọ́n fi “nice” sílẹ̀ fún ẹnu, níbi tí ohùn yóò ti sọ ìyókù.

N kò ní kí ẹ máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Látìn. Fún òun, ẹ fi hàn án pé ìpàdé ni “nice” ń ròyìn, kì í ṣe inú tirẹ̀, ó tó. Nígbà tó bá dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ka “wényán” ni kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ èdè Ṣáínà jókòó pọ̀, kí wọ́n gbé “kělián” àti “nice” kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ “good” àti “nice” lè dúró di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn.

Àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà pàápàá kò dúró de olùkọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nídìí eré kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní àmì tiwọn, 奈斯, “nàisī”, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣe ohun tó wú wọn lórí. Ìró nìkan ni wọ́n fi yan àmì méjèèjì, kò sí ohun tó kan rere tàbí búburú nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú “wényán”, àmì kejì túmọ̀ sí “èyí”. Igbe ìyìn ni “nàisī” lẹ́nu wọn ní báyìí, ó ń dá dúró, kì í sábà wá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ bí “nice” ti ń ṣe, ìwà tirẹ̀ ló sì ti ń hù nínú èdè tó gbà á.